Ọkùnrin Tí Kò Kẹ̀yìn sí Àgbà

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀fọn, onítọ̀hún kò tíì jókòó sí Tondo rí nínú oṣù keje. Ẹ̀fọn ìgbèríko Padova, ní ilẹ̀ Italy, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀fọn ibòmíràn. Wọ́n ń jẹ akọrin, wọ́n ń jẹ òǹwòran, wọn kì í sì í mọ olówó yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Olúrónkẹ́ wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń gbá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń pòṣé, nígbà tó gbójú sókè tó rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan lódìkejì tó ń wò ó, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Tondo fún yín kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Tíátà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń kọjú sí ibì kan náà bí ọmọ iléèwé. Róbótó ni. Ìtàgé wà láàárín gbùngbùn, àga àwọn òǹwòran sì yí i ká. Akọrin kò ní ògiri kankan tó lè fẹ̀yìn tì. Bí ènìyàn bá ń wo eré, ojú àwọn tó jókòó lódìkejì ni yóò máa rí láàárín àwọn òṣèré. Ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, eré olórin ni gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé Olúrónkẹ́ débẹ̀. Ó kàwé gboyè ní yunifásítì Padova, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ ìlú náà pamọ́ sí. Giulia, obìnrin tó ni Tondo, tó tún ń darí eré ibẹ̀, ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kọ ìtàn tíátà náà kí òun tó di arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan. Giulia á máa sọ ọ́, Olúrónkẹ́ á máa gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.

Bàbá Giulia ló dá a sílẹ̀. Ọkùnrin náà ra àgọ́ àlòkù lọ́wọ́ àwọn oníṣeré circo, àwọn tó ń fi ẹranko dárà kiri, ó gbé e kalẹ̀ sórí oko àgbàdo, ó ní òun fẹ́ kí àgbẹ̀ àti dókítà gbọ́ orin láti ìtòsí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn. Ìjì kan dé lọ́jọ́ kan, ó ká àgọ́ náà nílẹ̀, ó gbé e jù sínú odò. Àwọn akọrin kọrin tán lábẹ́ agboòrùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pákó kọ́ ọ, wọ́n fi páànù bò ó. Ọdún kan wà tí èrò pọ̀ débi pé orí koríko ni àwọn mìíràn jókòó sí. Ọdún mìíràn wà tí akọrin pọ̀ ju òǹwòran lọ nítorí gbogbo ayé ti gba etí òkun lọ. Nígbà àrùn Covid, ènìyàn á jókòó, àga òfìfo á tẹ̀ lé e, àwọn akọrin á sì máa kọrin fún àga.

"Níbí, bí eré ò bá dùn, ènìyàn á máa wo ènìyàn," ni Giulia wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Báyẹn ni bàbá mi ṣe rí ìyá mi."

Olúrónkẹ́ kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá bá a. Nígbà tí wọ́n sinmi eré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin tó wà lódìkejì yí ìtàgé ká, ó gbé omi tútù dání.

"Ẹ káalẹ́ o."

"Ta ló sọ fún ọ pé Yorùbá ni mí?"

"Ẹ̀fọn ni. Bí ẹ ṣe ń pòṣé sí wọn yẹn, òyìnbó kankan ò lè pòṣé báyẹn."

Rónkẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á. Adélaní lorúkọ ọkùnrin náà. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Torino, kò rí iṣẹ́ ẹnjiníà, ó wá ń bójú tó ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Reggio Emilia. Orin ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ọ̀dọ̀ Giulia ló wá, ó fẹ́ kí ó gbọ́ ohùn òun. Giulia gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ó padà wá nígbà ooru tó ń bọ̀, pé ipò wà fún un.

Ìgbà òtútù dé, Tondo tilẹ̀kùn, ìfẹ́ tiwọn kò tilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Sátidé, Rónkẹ́ á wọ treno, ọkọ̀ ojú irin, lọ sí Reggio Emilia, wọn á máa rìn kiri àdúgbò ibùdókọ̀, níbi tí ìrẹsì ará Gánà àti búrẹ́dì ará Morocco ti ń ta sánsán pọ̀. Bí Adélaní bá wà níbi iṣẹ́, á pè é nígbà ìsinmi, ọkọ̀ akẹ́rù á máa ké pìì-pìì lẹ́yìn rẹ̀.

"Rónkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó. Láti ìgbà tí Rónkẹ́ ti dàgbà, òun ló ń bi ẹlòmíràn bóyá wọ́n ti jẹun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí ó mọ ẹni tó wà nílé.

Ẹni tó wà nílé ni bàbá rẹ̀, Díákónì Ọládùnjoyè. Ìyá Rónkẹ́ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, bàbá yìí kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Á ti fabbrica, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, dé, á wẹ ọwọ́ girisi kúrò, á wá jókòó sórí àga, á fi ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, á máa di irun fún un. Irun náà kò gún rí. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi Rónkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ láéláé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé títí di òní. Bí ó bá pẹ́ dé, bàbá á ti dúró sójú fèrèsé.

Rónkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Adélaní fún un ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n ń jẹun.

"Kí ni ọmọkùnrin náà ń ṣe?" ni bàbá bi í.

"Ẹnjiníà ni, Bàbá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino báyìí."

"Kò burú. Iṣẹ́ ò lẹ́gàn. Lẹ́yìn iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń kọrin."

"Nínú ìjọ wo?"

Rónkẹ́ bu omi sínú ife.

"Mo ní nínú ìjọ wo?"

"Ní tíátà, Bàbá. Ní Tondo."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Alágbe," ló wí. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi di irun fún, alágbe ló fẹ́ wá fi ṣaya." Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ì bá sàn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ le tán ni Rónkẹ́ tọ Màmá Victory lọ. Màmá Victory ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ wọn. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń tọ́jú lọ́sàn-án, ọkọ àti ìyàwó ló ń bá ẹni ẹlẹ́ni wá kiri lọ́jọ́ Àìkú. Iṣẹ́ alárinà wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó fi Bíbélì bẹ bàbá, ó fi ẹ̀fọ́ rírò bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ó ní:

"Díákónì, ẹ má fi etí ṣe ojú. Ẹ wá wò ó níbi tó ti ń kọrin. Bí ẹ bá rí ìkanra tàbí ìwà ìpáǹle lára rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá lé e dànù."

Bàbá ronú títí. Ó ní òun gbọ́, òun á wá.

Bí Rónkẹ́ ṣe sọ ọ́ fún Adélaní, jìnnìjìnnì bo ọkùnrin náà. Ó ti ń kọrin ní Tondo nígbà náà, Giulia sì ti fún un ní ipò gidi. Eré nípa ahun kan ni, bàbá kan tó ti ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́lé kí ọkọ má baà rí i. Adélaní ni olólùfẹ́ tó ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà. Òfin kan ṣoṣo sì wà tí Giulia fi ń kọ́ gbogbo akọrin, òfin tí bàbá rẹ̀ fi lélẹ̀ láti ìgbà àgọ́: máa yí. Bí o bá kọjú sí apá kan, o ti kẹ̀yìn sí apá kejì, nítorí náà pín ojú rẹ, pín ẹ̀yìn rẹ, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn nìkan lọ sílé.

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Adélaní máa ń wí, á sì yí bírí láti fi pa Rónkẹ́ lẹ́rìn-ín. "Ní Tondo, ìpàkọ́ náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé. Bàbá wọ kóòtù, ó de táì, nínú ooru yẹn! Ìlà iwájú ni Màmá Victory mú wọn jókòó sí, kí bàbá lè ríran dáadáa. Rónkẹ́ wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Adélaní gba ọ̀nà tó wà láàárín àga wọlé, ó rí bàbá, Rónkẹ́ sì rí i pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí àríwá, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó kù kí ó yí débi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kọ sí bàbá. Ó yí dé ìdajì. Ara rẹ̀ kọ̀. Ta ni á kẹ̀yìn sí bàbá ìyàwó ẹni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ara wọn? Ilé tí wọ́n ti kọ́ Adélaní kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó padà, ó kọjú sí bàbá, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà títí orin fi parí, kò kúrò. Lódìkejì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n ń na ọrùn. Giulia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ yí afẹ́fẹ́ po bí ẹni ń ro ọkà. "Gira! Gira!" Ó ní kí ó yí. Adélaní kò gbọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Rónkẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Nínú gbogbo ibẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Omi lé sí i lójú. Ó rò ó lọ́kàn pé, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wo ọmọ tí wọ́n tọ́. Ẹ wo ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rẹ̀ rí yàtọ̀. Ọmọdékùnrin kan dúró gbagidi níwájú rẹ̀, ó ranjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú, ó ya ẹnu gbàgà sí i, ó ń wí pé, "Vecchio, apri la porta!" Bàbá kò nílò ògbufọ̀. Ó ti ń gbọ́ èdè Italy kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú àwọn akọrin yẹn. Arúgbó, ṣílẹ̀kùn. Ahun, ọmọ rẹ kì í ṣe ẹyẹ àgò.

Kò dúró gbọ́ ìdá kejì eré náà. Nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó kọrin bú mi."

"Bàbá, kò fẹ́ kẹ̀yìn sí yín ni. Ọ̀wọ̀ ni."

"Ọ̀wọ̀! Ọmọ tó ranjú mọ́ àgbà, tó pè mí ní arúgbó lójú gbogbo òyìnbó, ìyẹn lo pè ní ọ̀wọ̀?"

"Ma papà, è la canzone..."

"Yorùbá ni kí o sọ fún mi!"

"Orin inú eré ni, Bàbá."

"Ènìyàn kún ibẹ̀ bámúbámú. Nígbà tó ń kọ ọ́, ta ló ń wò?"

Màmá Victory tó jókòó sẹ́yìn fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà létí òun mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, Giulia ní kí Adélaní máa lọ. Ó ní òun fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ti ń fi ẹjọ́ sùn pé ìpàkọ́ nìkan làwọn rí. Adélaní kò ṣàlàyé. Kí ló fẹ́ sọ fún òyìnbó tí yóò yé e?

Rónkẹ́ lọ bá a ní ibùdókọ̀ Reggio Emilia. Oòrùn ọ̀sán ń mú gan-an.

"Jẹ́ ká lọ ṣègbéyàwó ní comune, ní ọ́fíìsì ìjọba," ni Adélaní wí. "Ìwọ, èmi, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ó parí."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọn á bínú, wọn á sì yọ́."

"O ò mọ bàbá mi."

"Mo mọ̀ wọ́n, Rónkẹ́. Nínú gbogbo orin yẹn, àwọn nìkan ni mo rí."

Rónkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ti là. Ó wá rí bàbá rẹ̀ lójú ọkàn, lójú fèrèsé, tó ń wo títì. Ta ni á máa bi í bóyá ó ti jẹun?

"Dúró dè mí," ló wí.

"Títí dìgbà wo?"

"Títí wọn á fi gbà."

Adélaní dúró, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń pè. Nígbà tó yá, ìpè dín kù. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Ó gba iṣẹ́ ẹnjiníà nítòsí Milano, iṣẹ́ tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ohùn rẹ̀ lórí fóònù sì wá dà bí ohùn ẹni tó rẹ̀. Òun a ní, "Ṣé wọ́n ti sọ nǹkan?" Rónkẹ́ a ní, "Rárá." Àwọn méjèèjì á dákẹ́. Kò sí ohun tó ń pa ìfẹ́ bí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ìgbà ooru mìíràn dé. Tondo ní akọrin tuntun, òyìnbó kan tó ń yí bíi fáànù. Rónkẹ́ lọ nítorí ìtàn tó ń kọ. Ó jókòó, ó wo òdìkejì, ó wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Gbogbo ojú tó rí, ojú àjèjì ni. Ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, kò gbá wọn.

Nínú oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá Victory mú un jókòó sínú yàrá ìdáná ìjọ.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Adélaní ti gbéyàwó ní Sesto San Giovanni, lẹ́bàá Milano. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà, Olúwaṣìkẹ́mi. Bàbá ọmọ ló fa ọmọ lé e lọ́wọ́."

"Ọlọ́run á fi èso sí i, mà," ni Rónkẹ́ wí.

"Sunkún, ọmọ mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbí."

"Mi ò lẹ́kún, mà."

"Ṣé kí n sọ fún bàbá rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má sọ fún wọn."

Ó fọ gbogbo ife tó wà nínú yàrá ìdáná yẹn, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ treno ló ti sunkún lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ kan ní Torino. Nígbà tó dé Torino, ó ti fọ ojú.

Bàbá rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún nínú oṣù kẹwàá. Ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Òjò sì ti ba òrùlé capannone, gbọ̀ngàn ńlá tí ìjọ wọn ń lò, jẹ́, ni àwọn àgbà ìjọ bá lọ gba Tondo lọ́wọ́ Giulia títí wọ́n á fi tún tiwọn ṣe. Rónkẹ́ rò pé bàbá á kọ̀. Bàbá ní, "Bí Olúwa bá ti wọ ibẹ̀, ilé Olúwa ni." Ó de táì.

Wọ́n pè é síwájú kí ó jẹ́rìí. Àmọ́ níbo ni iwájú wà ní Tondo? Bàbá gun ìtàgé láàárín gbùngbùn, ó gba maikí, ó kọjú sí olùṣọ́-àgùntàn àgbà tó ti Torino wá. Ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rántí pé ìyá àgbà ìjọ, tó dàgbà jù ú lọ, wà lẹ́yìn òun. Ó yíjú padà: "Ẹ má bínú, Màmá, mo kẹ̀yìn sí yín." Ó ti kẹ̀yìn sí olùṣọ́-àgùntàn nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ foríjì mí." Ó tún yíjú. Àwọn àgbà kan tún wà lápá òsì. Òógùn bò ó. Ó padà sọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn, ó kọjú sí i, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn ń kígbe pé, "Non si vede!", pé àwọn ò ríran.

Lójijì, bàbá dákẹ́. Ó wo ilẹ̀ tó dúró sí. Ó wo àga iwájú, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó lọ́jọ́sí. Ó gbé maikí kúrò lẹ́nu. Ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n kígbe, "Halelúyà!" Rónkẹ́ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀mí.

Wọ́n délé, Rónkẹ́ gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kàn án.

"Rónkẹ́."

"Sà."

"Ọmọkùnrin yẹn kò bú mi."

Rónkẹ́ jókòó.

"Kò bú mi. Ọ̀wọ̀ ló fún mi, mo sì sọ ọ́ di èébú. O sọ fún mi nínú ọkọ̀, mi ò gbọ́." Omi lé ròrò sójú ọkùnrin àgbàlagbà náà. "Mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo ti ṣẹ̀ ọ́. Pè é fún mi. Èmi fúnra mi ni màá tọrọ àforíjì, kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Màá fà ọ́ lé e lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Gbé fóònù."

Ó ti na ọwọ́. Èékánná ọwọ́ náà ṣì dúdú láti ìgbà iṣẹ́ fabbrica. Òtítọ́ wà lẹ́nu Rónkẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni: ó ti gbéyàwó, Bàbá. Bí ó bá sọ ọ́, inú rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan á bá a ru ú. Ṣùgbọ́n bàbá yìí á gbé e wọ sàárè. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run bá jí i, á máa wo ọmọ rẹ̀, á máa rí ohun tí òun ṣe.

"Ẹ má pè é, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé kì í ṣe pé o ń bínú sí mi?"

"Mi ò bínú, sà. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Mo tiẹ̀ ti gbàgbé."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ tú ká, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú.

"Ṣé o rí i? Mo sọ fún Màmá Victory nígbà náà lọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, pé kò ní pẹ́ tí wàá fi gbàgbé. Ọmọ mi ni ọ́. Ta ló mọ inú rẹ bíi tèmi?" Ó fa àwo mọ́ra, ó gbé ṣíbí. "Bu ìrẹsì díẹ̀ kún un fún mi, ebi ń pa mí."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù, Bàbá," ni Olúrónkẹ́ wí, ó sì dìde lọ bù ú wá.